Ẹ YÉÉ BI Ẹ̀JẸ̀ LÉÈRÈ OHUN TÍ ỌMỌ YÍN TI FẸNU ARA RẸ̀ SỌ

Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ènìyàn kò kà tán ló dá wàhálà tí mò ń bá jà yìí sílẹ̀.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń káàkiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ti dé tó lè sọ bóyá inú tó ń run ọmọbìnrin nígbà nǹkan oṣù yóò sọ ọ́ di àgàn lọ́jọ́ iwájú. Ó dárúkọ endometriosis. Ó ní kí àwọn òbí ṣe é fún ọmọ kí ọjọ́ ìdána tó pé, kí ìdílé ọkọ náà sì béèrè èsì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè genotype. Nọ́ńbà tí ènìyàn yóò pè wà nísàlẹ̀, iye owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

*Irọ́ ni.* Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan lónìí, kì í ṣe ní Nàìjíríà, kì í ṣe ní London, kì í ṣe ní Amẹ́ríkà, tó lè sọ bí endometriosis yóò ṣe rìn nínú ara obìnrin kan. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun ní i, ó ń ta afẹ́fẹ́ fún yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ inú ilé-ọmọ. Òun ló máa ń nípọn lóṣooṣù láti dúró de oyún, tí oyún kò bá sì dé, òun ló ń já bọ́ tí a ń rí gẹ́gẹ́ bí nǹkan oṣù. Nínú endometriosis, ohun tó jọ awọ yìí máa ń hù síbi tí kò yẹ kó wà: lára ilé-ẹyin, lẹ́yìn ilé-ọmọ, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Bí oṣù bá dé, òun náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ á gbóná, á di àpá, àwọn ẹ̀yà inú á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní i, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé. Ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá.

Ní ti àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà yẹn, tí ẹ bá wo ìwé èsì rẹ̀ dáadáa, CA-125 lẹ máa rí níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Láti ọdún 1981 ni Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ohun tó gbé e jáde, jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ni wọ́n sì ń lé. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀: dókítà ń fi í mọ̀ bóyá ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà ń mú un, ó sì wúlò fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí wọ́n wá rí kókó ní ilé-ẹyin rẹ̀. Mi ò bá a jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n CA-125 máa ń ga tí ìju bá wà nínú ilé-ọmọ. Ó ń ga nínú oyún. Ó ń ga tí kòkòrò àrùn bá wọ ilé-ọmọ, tí ikọ́ ife bá wọ inú ikùn, tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn. Kódà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tí obìnrin ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, ó lè ga. Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní endometriosis, pàápàá tí kò bá tíì tàn káàkiri, ni tiwọn kò ga rárá. Ajá tó ń gbó mọ́ àlejò, tó ń gbó mọ́ onílé, tó wá ń dákẹ́ nígbà tí olè bá wọlé, ṣé ajá tí ènìyàn ń fi owó rà nìyẹn?

Obìnrin méjì ti mú èsì yìí wá bá mi lọ́dún yìí. Èkínní jẹ́ ọmọ ọdún 22, tirẹ̀ jẹ́ 48. Ohun tó bá ju 35 lọ ni wọ́n ń kà sí gíga. Ẹni tó ṣe é fún un ní láàbù sọ fún un pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ìyá rẹ̀ kò sì lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a bi í léèrè, ọjọ́ kejì nǹkan oṣù ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹnì kejì jẹ́ olùkọ́, ẹni ọdún 31, tirẹ̀ jẹ́ 19. Wọ́n ní kò sí nǹkankan tó ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ wá gbé èsì yẹn dání bí ìwé ìdájọ́, ó ní àṣé irọ́ ni ìrora tó ń pariwo rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn lò pọ̀. Nígbà tí dókítà àwọn obìnrin yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ṣe scan fún un, kókó tí ẹ̀jẹ̀ dúdú kún inú rẹ̀ wà ní ilé-ẹyin méjèèjì. Owó tí ó san fún ẹ̀jẹ̀ yẹn ju owó scan lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí àwọn òyìnbó ń ṣèwádìí lórí rẹ̀." Wọ́n ń ṣe é, iṣẹ́ ńlá ni, kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń pè ní biomarker, ìyẹn àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́ ẹnu tàbí nínú ìtọ̀, tí a lè wọ̀n kó sì sọ ohun tó ń lọ nínú ara fún wa. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ń bá Cochrane ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 141 jọ, obìnrin 15,141 ló wà nínú wọn, wọ́n sì yẹ àmì inú ẹ̀jẹ̀ 122 wò. Nínú gbogbo 122 yìí, wọn kò rí ẹyọ kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kí dókítà máa lò fún aláìsàn. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ilẹ̀ Yúróòpù, ESHRE, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí wọ́n má ṣe fi àmì inú ẹ̀jẹ̀ dá endometriosis mọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí o: mímọ̀ bóyá àìsàn náà wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n ń sọ. Wọn ò tíì débi bí yóò ṣe rí ní ọdún márùn-ún sí i, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ilẹ̀ Faransé ní àyẹ̀wò itọ́ ẹnu kan tí wọ́n ń pè ní Endotest, tó ń wo nǹkan kéékèèké 109 tí orúkọ wọn ń jẹ́ microRNA. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ ìtọ́jú wò níbẹ̀ gbà pé kí wọ́n máa san owó rẹ̀ fún àwọn obìnrin kan, bí ìwádìí ṣe ń lọ lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ní ìrora àìsàn náà, tí scan tàbí MRI kò sì fi nǹkan tó dájú hàn, ni wọ́n ṣe é fún. Bóyá ó wà tàbí kò sí ló ń wá. Kò sọ pé yóò le sí i, kò sọ pé yóò rọ̀, kò sọ pé lágbájá yóò bímọ tàbí kò ní bímọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ Faransé tó wá ń fi ta CA-125 fún yín, ó fi orí ẹran kan ta ẹran mìíràn ni.

Kí ló dé tó fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Àìsàn náà kì í rìn lójú ọ̀nà kan. Àwọn dókítà máa ń pín in sí ìpele mẹ́rin bí ohun tí wọ́n rí nínú ikùn bá ṣe pọ̀ tó, síbẹ̀ ìpele yìí kò bá ìrora dọ́gba. Ẹni tó wà ní ìpele kìíní lè máa yí mọ́lẹ̀, kí ẹni ìpele kẹrin máà mọ̀ pé òun ní nǹkankan títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn fún un. Wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ wo inú àwọn obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì láìfún wọn lóògùn láàárín rẹ̀: ti àwọn kan pọ̀ sí i, ti àwọn kan wà bó ṣe wà, ti àwọn kan sì dín kù fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ èyí tí yóò pọ̀ kó tó pọ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ genotype tí wọ́n fi ń wé e fi bí mi nínú. Genotype jẹ́ ọ̀rọ̀ apilẹ̀ ìran kan ṣoṣo. AA jẹ́ AA, AS jẹ́ AS, bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, a mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Endometriosis kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2023 lórí apilẹ̀ ìran wo àwọn obìnrin tó ju 60,000 lọ tó ní i, ibi 42 ni wọ́n sì rí nínú apilẹ̀ ìran tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kálukú wọn pẹ̀lú agbára díẹ̀díẹ̀. Àwọn wo ni wọ́n wò? Àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yúróòpù àti ìlà-oòrùn Éṣíà. Kò sí ìran tiwa níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì fi ojú kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá nínú ìwádìí rẹ̀, ṣé ẹ wá fẹ́ kó sọ àsọtẹ́lẹ̀ ilé-ọmọ Adúkẹ́ fún yín?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí kún ìwé tí a ń gbà lọ́wọ́ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní endometriosis ló ti bímọ, àwọn kan kò tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó lóyún. Àwọn kan nílò ìrànlọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ sì wà. Ọmọbìnrin tí ẹ bá dá padà nítorí èsì CA-125, ẹ ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní gbogbo àdúgbò lórí nọ́ńbà tó lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó ní kí ọkọ ìyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀.

Àwọn kan tún wà tí ẹ̀rọ tiwọn kò tilẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á so irin kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kí ìyá dì í mú fún ìṣẹ́jú kan, ìwé gígùn á jáde tó ní ilé-ọmọ yín "kò lágbára", wọ́n á wá ta oògùn oníke fún yín. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olójà nìkan ni mo bá wí. Ọjà wọn ń tà nítorí pé àwa fúnra wa kò fẹ́ gba ọmọ gbọ́. Ọmọ ọdún 15 ní inú ń run òun débi pé òun ń bì, pé òun ò lè lọ sílé ìwé fún ọjọ́ méjì lóṣooṣù. Kí la máa ń sọ? "Gbogbo obìnrin ló ń rí i." "Fara dà á." "Tó o bá bímọ, á lọ." Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Èyí tó ní tó bá bímọ á lọ yẹn, ìlànà ESHRE tí mo dárúkọ lókè sọ ọ́ kedere pé kí dókítà má ṣe ní kí obìnrin lóyún kí ó lè fi wo endometriosis, nítorí pé oyún kì í fi gbogbo ìgbà dín in kù. Mo mọ obìnrin tó bí mẹ́rin tó ṣì ń di ògiri mú lóṣooṣù. Tí ẹ bá tún fi ìdí èyí fa ọmọ fún ọkọ ní kíákíá, ẹ ti gbé ìrora kan lé ìrora mìíràn lórí.

Èkejì ni "infection". Ọmọ ní inú ń run òun, wọ́n á ní toilet infection ni, wọ́n á ní staph ni, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ márùn-ún, wọ́n á fi àgbo tì í. Oṣù tó ń bọ̀, inú á tún run, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n á máa wo ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin bí ẹni tó ti ń rìnrìnkurìn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà kan, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ni pé àìsàn àwọn obìnrin funfun ọlọ́rọ̀ ni endometriosis. Ní 1976 ni Dókítà Donald Chatman, tó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, kọ̀wé jáde pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú náà ní i, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé kòkòrò àrùn ló wọ ilé-ọmọ wọn. Láti 1976! Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni wọ́n ti ń fi àkókò ṣòfò, àwọn ọmọ wa tó wà ní UK lè sọ fún yín. Ìròyìn ẹgbẹ́ Endometriosis UK ti ọdún 2024 ní ó ń gba obìnrin níbẹ̀ tó ọdún 8 àti oṣù 10 láti ìgbà tó bá kọ́kọ́ lọ rí dókítà títí tí wọ́n á fi dárúkọ àìsàn náà fún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tó ṣeé ṣe báyìí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ náà. Fún oṣù mẹ́ta, kó máa kọ ọjọ́ tí inú run ún, bí ó ṣe le tó nínú 10, ohun tó dí i lọ́wọ́, oògùn tó lò àti bóyá ó ṣiṣẹ́. Kó kọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ máa ń dùn ún nígbà nǹkan oṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ní ọkọ kó kọ ti ìbálòpọ̀ náà, kó má tijú. Ìwé yẹn wúlò fún dókítà ju ìwé láàbù tí wọ́n ń tà fún yín lọ. Tí ọmọ bá ń pa ilé ìwé jẹ, tí oògùn ìrora kò sì mú un, *ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta*, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní dókítà àwọn obìnrin.

Wọ́n á ṣe scan. Fún ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin, láti orí ikùn ni wọ́n á ti ṣe é, wọn kò ní fi nǹkankan sí ojú ara rẹ̀. Scan lè rí kókó ilé-ẹyin, ṣùgbọ́n tí kò bá rí nǹkankan, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ń purọ́. Ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de iṣẹ́ abẹ, kò sì nílò àyẹ̀wò tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Oògùn bí ibuprofen, kó jẹun kó tó lò ó, kó sì tètè lò ó kí ìrora tó gòkè. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn hòmóònù, níbẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti máa ń di ìjà, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni a tún ń lò fún ìfètòsọ́mọbíbí. Ìyá kan gba oògùn náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sí ṣáláńgá, ó ní òun ò ní í fi àgbèrè kọ́ ọmọ òun. Ẹ gbọ́: oògùn yìí ń jẹ́ kí awọ tó hù síbi tí kò yẹ yẹn sinmi. Kì í sọ ọmọbìnrin di àgàn. Tó bá fi í sílẹ̀, nǹkan oṣù á padà, ó sì lè lóyún. Oríṣiríṣi ló wà, wọn kò sì bá gbogbo ènìyàn lára mu, nítorí náà kó sọ fún dókítà bó bá jẹ́ SS, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, bó bá ní ẹ̀fọ́rí tó ń ṣókùnkùn sójú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí.

Nípa iṣẹ́ abẹ: ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ àìsàn náà lè padà, iṣẹ́ abẹ lórí kókó ilé-ẹyin sì lè dín ẹyin tó kù nínú rẹ̀ kù. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ kó bi dókítà nípa ìyẹn kó tó fọwọ́ síwèé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lè dárúkọ àyẹ̀wò AMH, èyí tó ń sọ nǹkan nípa iye ẹyin tó kù. Kò burú láti ṣe é kí wọ́n tó fi abẹ kan ilé-ẹyin. Ṣùgbọ́n òun náà ti wà lọ́wọ́ àwọn olójà báyìí bí ẹni pé ó ń sọ ẹni tí yóò lóyún. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn ránṣẹ́ sí yín, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Kí lorúkọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀? Ìwádìí wo ló fi hàn pé ó sọ bí àìsàn náà ṣe rìn nínú ara àwọn obìnrin lẹ́yìn ọdún mélòó? Tí wọ́n bá sọ pé ọmọ yín kò ní bímọ, tó wá bímọ, ṣé wọ́n á dá owó yín padà? Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ yìí kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.